"Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí": níbo ni òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rí ìwádìí ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí ni mí, mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni wọ́n sì fi mí sí. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rí ìwádìí ló yẹ kó máa darí ohun tí à ń ṣe fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, a máa ń da omi iyọ̀ sínú tíúbù ọ̀fun kí a tó fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà lórí fẹntilétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, ló ń gba oògùn nẹ́búláísà, èyí tí à ń fà símú bí ìkùukùu, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, a sì máa ń pààrọ̀ rọ́bà fẹntilétọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni: "Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí." Èmi kì í ṣe dókítà, èmi náà ni mo sì kéré jù níbẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, tí kò fi ní dà bíi pé mò ń rí àwọn ọ̀gá fín?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ká sọjú abẹ níkòó: má ṣe kọ́kọ́ gbé ìwé ìwádìí lọ bá ẹnikẹ́ni. Ibi bẹ́ẹ̀dì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí ẹ ń ṣe, kà á, wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀, títí wàá fi lè sọ pé "báyìí gan-an ni à ń ṣe é", dípò "mo rò pé báyìí ni à ń ṣe é". Lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń pa aláìsàn orí fẹntilétọ̀ lára, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀rí náà kò wọ́n. Ẹni tó mú téèpù tí a fi ń wọn gíga àti bírò, tó fi wo bí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹ̀rí náà tó, òun ló wọ́n.

Àwọn ọ̀gá tó ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń rò pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi ìwé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1996, David Sackett àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé níbẹ̀: ẹ̀rí tó dára jù lọ láti inú ìwádìí, ọgbọ́n àti ìrírí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, àti ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Etí ọ̀gá rẹ tó lè gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti fẹ́ dí tíúbù aláìsàn kan, apá kan nínú mẹ́ta náà ni. Kò sí ìwádìí tó lè gba ipò rẹ̀. Mo sì máa ń fẹ́ràn láti rán àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ wa létí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Archie Cochrane, dókítà ará Scotland tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àjọ Cochrane tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń wa èédú ní gúúsù Wales ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lé lórí.

Ó yá, ká wo àwọn nǹkan mẹ́ta tí o kà sílẹ̀.

Ti rọ́bà fẹntilétọ̀ ló rọrùn jù. Láti bí ọdún 1995 ni ìwádìí ti fi hàn pé bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méje méje, òtútù àyà tí aláìsàn ń kó lórí ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i. Ìlànà tí CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lẹ́yìn náà sọ ọ́ kedere: ìgbà tí rọ́bà bá dọ̀tí lójú tàbí tó bàjẹ́ ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí o bá sì já rọ́bà náà láìnídìí, ò ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún kòkòrò, ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń là sì lè tún pa dé.

Ti nẹ́búláísà gba ìrònú díẹ̀. Aláìsàn tó ní asthma tàbí COPD (àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà èémí), tí àyà rẹ̀ ń súfèé, nílò oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn ńkọ́? Ní 2018, wọ́n gbé ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè Netherlands jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláìsàn 922 tó wà lórí fẹntilétọ̀ ni wọ́n pín sí méjì: apá kan ń gba acetylcysteine, oògùn tó ń rọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú salbutamol tó ń la ọ̀nà èémí, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, apá kejì ń gbà á kìkì nígbà tí àmì bá fi hàn pé wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn tó ń gbà á nígbà tó bá yẹ nìkan kò pẹ́ lórí ẹ̀rọ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ìpalára, pàápàá kí ọkàn máa sáré ségesège àti kí ara aláìsàn má lélẹ̀, jẹ́ ìdá 29.3 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbà á lóòrèkóòrè, ó sì jẹ́ ìdá 13.8 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ronú sí i, àbúrò mi. Wákàtí iṣẹ́ rẹ ń lọ síbẹ̀, oògùn ń lọ síbẹ̀, ọkàn aláìsàn sì ń sáré nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ló máa ń fa awuyewuye jù, torí pé ó jọ òótọ́ lójú: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gan, omi ń rọ nǹkan, da omi sí i. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í tètè pò pọ̀. Apá tó pọ̀ nínú omi tí o dà sínú tíúbù kì í bá rọ́bà tí o fi ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde mọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ó sì lè gbé kòkòrò tó ti lẹ̀ mọ́ inú tíúbù dání. Wo ojú aláìsàn nígbà tí omi náà bá wọlé. Ara rẹ̀ á gbọ̀n, ikọ́ á gbá a mú, ọkàn rẹ̀ á yára, nọ́ńbà ọ́síjìn á máa já wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ. AARC, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí ní Amẹ́ríkà, sọ nínú ìlànà 2010 pé kí a má sọ ọ́ di àṣà. Ìlànà wọn ti 2022 náà dúró lórí pé kí a máa yẹra fún un.

Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn bá ń gan ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́ tó sì ń fi ọ̀rinrin sí i ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé omi ṣì wà nínú rẹ̀? Ṣé ó ń gbóná dáadáa? Ṣé omi ara aláìsàn fúnra rẹ̀ kò ti dínkù jù? Níbẹ̀ ni àtúnṣe wà. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ìlànà kan náà sọ pé àmì ni kí a fi máa fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí a má fi aago fà á: kí ìlà afẹ́fẹ́ lójú fẹntilétọ̀ máa rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, kí àyà máa dún hòrò, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ hàn nínú tíúbù, kí ọ́síjìn máa lọ sílẹ̀. Kí ó má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìdí tí àṣà tí kò ṣàǹfààní fi máa ń pẹ́ lọ́wọ́ wa, torí pé yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ láti bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àánú. Nínú iṣẹ́ tiwa, nọ́ńbà máa ń dáhùn kíákíá. O yí bọ́tìnì kan, ọ́síjìn gòkè, ojú gbogbo wa kúrò nílẹ̀. Nọ́ńbà tó dára lójú ẹ̀rọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀mí tó yè. Ẹ̀kọ́ yìí ti ná àwọn aláìsàn ní ohun púpọ̀.

Láàárín ọdún 1940 sí 1955, àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù ń gba ọ́síjìn rẹpẹtẹ nínú àpótí ìgbọ́mọ, awọ ara wọn pọ́n, gbogbo ènìyàn rò pé ohun rere ni. Nǹkan bí 10,000 ọmọ ló fọ́jú nítorí rẹ̀ kí ìwádìí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn jọ ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1953 tó fi hàn pé ọ́síjìn náà ló ń ba ojú wọn jẹ́. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n wá dín ọ́síjìn kù kọjá ààlà, àwọn ọmọ mìíràn sì ń kú nítorí pé ọ́síjìn kò tó wọn. Ní 2010, ìwádìí SUPPORT tún wọ̀n ọ́n dáadáa: àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn sáàárín ìdá 85 sí 89 nínú 100 kò fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn ojú náà, ṣùgbọ́n ìdá 19.9 nínú 100 wọn ló kú, nígbà tó jẹ́ ìdá 16.2 láàárín àwọn tí wọ́n fi sí 91 sí 95. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀rí bíi pé òfin tí kò ní yí padà ni. A gbọ́dọ̀ máa padà lọ wò ó.

Àgbàlagbà náà kò yọ sílẹ̀. Ní 2000, ARDSNet, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi ìmí ńlá wé ìmí kékeré láti inú ẹ̀rọ lára àwọn aláìsàn 861 tí ARDS ń ṣe, ìyẹn kí ẹ̀dọ̀fóró wú kó sì kún fún omi lójijì. Apá kan ń gba mílílítà 12 afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan mímí fún kílò ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, apá kejì ń gba 6. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kẹta, ọ́síjìn àwọn tó ń gba ìmí kékeré kò dára tó ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà nìkan ì bá ti dá ìwádìí náà dúró. Nígbà tí wọ́n ka òkú àti alààyè, ìdá 39.8 nínú 100 ló kú lọ́dọ̀ àwọn onímìí ńlá, ìdá 31.0 lọ́dọ̀ àwọn onímìí kékeré. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí OSCILLATE dán ẹ̀rọ tó ń gbọn afẹ́fẹ́ wọlé kíákíá kíákíá wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé torí pé ó ń gbé ọ́síjìn gòkè. Wọ́n ní láti dá a dúró láìpé àkókò: ìdá 47 nínú 100 kú lórí rẹ̀, ìdá 35 lórí fẹntilétọ̀ tí a mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ka ìwádìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni wọ́n kà? Ṣé ọ́síjìn wákàtí méjì ni, àbí ẹni tó padà sílé?

Ó wá kù sí ọwọ́ ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ. Ìwádìí LUNG SAFE, tí wọ́n gbé jáde ní 2016, wo ICU 459 ní orílẹ̀-èdè 50. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ìmí kékeré nígbà náà. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ARDS ń ṣe, iye àwọn tó ń gba mílílítà 8 tàbí kó dín fún kílò kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n wọn agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn nígbà tí ìmí bá dúró jẹ́ ìdá 40 péré nínú 100. Àwọn oníṣègùn kò tilẹ̀ dá ARDS mọ̀ lára ìdá méjì nínú márùn-ún wọn. Àwọn ICU yìí kì í ṣe ibi tí ìwé kò dé. Ìwé dé, téèpù ni kò dé.

Jẹ́ kí n fi ohun tí mo ní lọ́kàn hàn ọ́. Ká ní wọ́n gbé obìnrin kan wá sórí fẹntilétọ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ lórí fáìlì jẹ́ kílò 90. Ẹni tó bá fi 90 ṣírò á sọ pé 6 lọ́nà 90, mílílítà 540, ìmí kékeré nìyẹn. Mú téèpù. Tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà pẹrẹsẹ tí ara rẹ̀ bá gbà á, na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ká ní o rí sẹ̀ǹtímítà 160. Ìṣirò tí ARDSNet lò fún obìnrin ni 45.5, kí a fi 0.91 tí a sọ di púpọ̀ ní iye tí gíga rẹ̀ fi ju 152.4 lọ kún un. Ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti 50. Ti obìnrin yìí á jẹ́ kílò 52.4. Mílílítà 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan á jẹ́ nǹkan bíi 314. Mílílítà 540 tó ń gbà lórí ẹ̀rọ ju 10 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó ti sún mọ́ apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nínú ìwádìí 2000. Ara tó sanra kì í mú ẹ̀dọ̀fóró tóbi. Gíga la fi ń mọ̀ ọ́n. Tí ẹsẹ̀ aláìsàn bá ti ká tí kò ṣeé nà, wọn egungun apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, àtẹ ìṣirò wà fún un.

Kọ gíga náà, kílò náà, àti mílílítà 6 náà sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fẹntilétọ̀ níbi tí dókítà máa rí kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ bọ́tìnì tó ń dá ìmí dúró ní òpin ìmísínú, ka agbára afẹ́fẹ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń yẹ ẹ̀rọ wò. 30 lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi ni kí ó má kọjá. Gbogbo èyí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ ni.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí gan-an ni ẹ̀rí wà. Ní 1996, Wesley Ely àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 300. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí àti nọ́ọ̀sì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń yẹ aláìsàn wò: ṣé ọ́síjìn rẹ̀ dára tó, ṣé PEEP, agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ní òpin ìmísóde, kò ju 5 lọ, ṣé ó ń wúkọ́ nígbà tí a bá ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣé ìmí rẹ̀ kò yára tó sì kéré jù, ṣé kò sí lórí oògùn tó ń gbé ìfúnpá ró tàbí èyí tó ń mú un sùn. Ẹni tó bá yege gbogbo rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dán mímí fúnra rẹ̀ wò fún wákàtí méjì, tó bá tún yege, wọ́n á sọ fún dókítà rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lò lórí fẹntilétọ̀ jẹ́ 4 àbọ̀, nígbà tó jẹ́ 6 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìṣòro bíi kí tíúbù yọ fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n tún ní láti dá a padà jẹ́ ìdá 20 nínú 100, ó jẹ́ ìdá 41 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìwádìí yìí ni pé àwọn aláìsàn tí ara wọn ti le tó láti dá mí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa bi wọ́n léèrè láràárọ̀ ni kò sí.

Láti ìgbà náà, Andrés Esteban àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1999 pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó dípò wákàtí méjì, ìlànà tí ATS àti CHEST, ẹgbẹ́ oníṣègùn àyà méjì ní Amẹ́ríkà, jọ gbé jáde ní 2017 sì dábàá pé kí ẹ̀rọ fi agbára díẹ̀, 5 sí 8 lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi, ran aláìsàn lọ́wọ́ nígbà ìdánwò náà. Ní 2008, Timothy Girard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ dídá oògùn oorun dúró láràárọ̀, àwọn aláìsàn náà sì kúrò lórí ẹ̀rọ ní kíá jù.

Nígbà tí ìdánwò yìí bá ń lọ, má ṣe kúrò níbẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ tó máa kùnà ti ń fi hàn. Wo ọrùn rẹ̀: ṣé iṣan ibẹ̀ ti ń fà? Wo ikùn àti àyà: ṣé wọ́n ń lọ sókè sódò pọ̀, àbí ọ̀kan ń wọlé bí èkejì ṣe ń jáde? Iwájú orí ńkọ́, ṣé òógùn ti bò ó? Tí ìmí bá ju 35 lọ ní ìṣẹ́jú kan tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ọ́síjìn lọ sísàlẹ̀ 90, tí ọkàn kọjá 140, dá a padà sórí ẹ̀rọ, kí ó sinmi, ọ̀la ń bọ̀. Kọ ohun tó mú kí ó kùnà. Àkọsílẹ̀ yẹn ni dókítà nílò ju ọ̀rọ̀ náà "ó kùnà" lọ.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè bí o ṣe máa mọ̀ bóyá ìwádìí kan bá aláìsàn tìrẹ mu. Béèrè ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Àpẹẹrẹ kan tó kan gbogbo àwa aláwọ̀ dúdú ni oximeter, ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí à ń kì bọ ìka. Ní 2020, Michael Sjoding àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sọ pé ọ́síjìn wà láàárín 92 sí 96, ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ fi hàn pé kò tó 88 lára ìdá 11.7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì jẹ́ ìdá 3.6 lára àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, ìlànà tó sọ pé "92 ti tó" lè má tó fún ẹni tó wà níwájú rẹ. Tí ojú aláìsàn àti nọ́ńbà kò bá bára mu, ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ.

Ní òdìkejì, ọ́síjìn tó pọ̀ jù náà ń pa ènìyàn. Ní Tasmania, Austin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2010 lórí àwọn tí ọkọ̀ áńbúláǹsì gbé, tí wọ́n fura pé COPD ló dé sí wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ́síjìn rẹpẹtẹ, wọ́n sì wọn ti àwọn yòókù kó lè dúró láàárín 88 sí 92. Láàárín àwọn tí COPD wọn dájú, ìdá 9 nínú 100 kú lórí ọ́síjìn rẹpẹtẹ, ìdá 2 ló kú lórí èyí tí wọ́n wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ojúmọ́ ni èyí fún wa. Bọ́tìnì ọ́síjìn kò ga ju ọwọ́ rẹ lọ.

Wàyí o, báwo ni wàá ṣe bá àwọn ọ̀gá sọ ọ́? Má ṣe gba ẹnu ìpàdé wọlé. Yan àgbà kan tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún, tó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ bá a níkọ̀kọ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo kíyè sí nǹkan kan, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó." Gbé àkọsílẹ̀ rẹ jáde: iye ìgbà tí ọ́síjìn já wálẹ̀ lẹ́yìn omi iyọ̀, àti bó ṣe rí nígbà tí ẹ kò dà á. Bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù tí ẹ bá dá a dúró. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé, "Tíúbù á dí." Ìbẹ̀rù tó nídìí ni, ó ti rí tíúbù tó dí rí. Nítorí náà, ka ìyẹn pẹ̀lú! Ẹ fohùn ṣọ̀kan pé lórí bẹ́ẹ̀dì mélòó kan, fún oṣù kan, ẹ kò ní da omi iyọ̀ bí àṣà, ẹ ó sì máa kọ gbogbo tíúbù tó bá dí sílẹ̀. Ẹni tí o bá ka ohun tó ń bà lẹ́rù mọ́ tìrẹ kì í bá ọ jà mọ́. Á ti di ara àwọn tó ń ṣe é. Tí tíúbù bá sì ń dí ní tòótọ́, ẹ̀rí nìyẹn náà, ẹ padà lọ wo ẹ̀rọ ọ̀rinrin yín.

Ohun tó bá jẹ́ àṣẹ dókítà, bíi nẹ́búláísà, má ṣe dá a dúró fúnra rẹ. Bẹ dókítà tó wà nípò pé kí ẹ jọ kọ ìlànà kan tó máa fọwọ́ sí, tó sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú èémí yẹ aláìsàn wò, kó fúnni nígbà tí àmì báyìí báyìí bá wà, kó dúró nígbà tí kò bá sí. Ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ń fún ọ láṣẹ tí àríyànjiyàn kò lè fún ọ láéláé.

Kí o má sì gbàgbé ẹni ìkẹta nínú ọ̀rọ̀ Sackett, ìyẹn aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí lórí kí ẹ̀rọ máa gba ìbòjú (mask) bá aláìsàn mí, láìki tíúbù bọ ọ̀fun, nígbà tí COPD bá ru sókè, lágbára gan-an: nínú ìwádìí Laurent Brochard ní 1995, ìdá 26 nínú 100 ló nílò tíúbù lọ́dọ̀ àwọn tó lo ìbòjú, ìdá 74 lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Síbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan lè ti ìbòjú náà kúrò lójú, kó ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Jókòó tì í. Yí ìwọ̀n ìbòjú náà padà, dín agbára afẹ́fẹ́ kù kí o tó máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, fi ọwọ́ rẹ dì í mú lójú rẹ̀ dípò kí o so ó, jẹ́ kó mu omi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà lẹ́yìn ìyẹn. Tó bá sì gbọ́ ohun gbogbo yé tó ṣì kọ̀, sọ ohun tó sọ fún dókítà àti ẹbí rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, má ṣe kọ sílẹ̀ pé "aláìsàn kò gbọ́ràn".

O béèrè ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Téèpù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, lọ́la, torí pé kò sí ẹni tó máa bínú sí ẹni tó ń wọn gíga aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé ti rọ́bà fẹntilétọ̀ wá, ìyẹn kò ní fọwọ́ kan iyì ẹnikẹ́ni, á sì dín iṣẹ́ kù fún gbogbo yín. Omi iyọ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́ sí ẹni tó ń ka nǹkan dáadáa. Fi nẹ́búláísà ṣe ìkẹyìn, torí pé ó nílò dókítà. Ra ìwé kékeré kan tó wọ àpò, pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́rin: nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì láìkọ orúkọ, gíga, mílílítà tó ń gbà, mílílítà tó yẹ kó gbà. Nígbà tí ojú ewé bíi mélòó kan bá kún, kọ̀wé sí mi padà, ká jọ wo ohun tó wà níbẹ̀.